Bí Fóònù Bá Kú, Ta Ló Ń Sin Ín?

"Fóònù mi ti kú." Ojoojúmọ́ là ń sọ ọ́, kò sì sí ẹni tí í ta gìrì tó bá gbọ́ ọ. Iná ló tán nínú bátìrì. Ẹ fi ṣájà sí i, yóò jí. Ṣùgbọ́n ikú mìíràn wà tí apá ṣájà kò ká. Ojú fóònù á fọ́, a ó pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, agara á dá wa. Bátìrì á wú bí àkàrà. Àwọn tó ṣe é á ní àwọn kò tọ́jú irú rẹ̀ mọ́. A ó wá owó, a ó ra tuntun. Èyí tó kú á wọ inú dúrọ́ọ̀ lọ, á bá ṣájà tó ti já pàdé níbẹ̀. Bí ọdún bá ń bọ̀, tí a ń palẹ̀ ilé mọ́, a ó kó gbogbo wọn dà nù.

Níbo ni wọ́n ń lọ? Ìbéèrè yìí tọ́ ká bi ara wa, nítorí pé gbogbo káràkátà orí ayélujára, láti orí owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé títí dé orí aṣọ tí à ń tà lórí WhatsApp, orí irin, gíláàsì àti ike ló jókòó lé. A máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lásán ni. Kì í ṣe afẹ́fẹ́, ó ní ara. Ohun tó bá sì ní ara, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò di òkú. Ó yẹ ká mọ ẹni tó ń sin òkú náà, ibi tó ń sin ín sí, àti ẹni tó ń san owó ìsìnkú.

Ohun tó wà nínú ikùn fóònù

Tí ẹ bá dé Computer Village n'Ìkẹjà, lójú títì Ọ̀tìgbà àti àwọn òpópónà tó yí i ká, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó sídìí tábìlì kékeré lábẹ́ agboòrùn ńlá. Ẹnjiníà là ń pè wọ́n. Mo dúró ti ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ tí fóònù mi bọ́ sómi. Ó fi atẹ́gùn gbígbóná rọ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ike pẹlẹbẹ kan ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó tú àwọn síkúrúù tí wọn kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó sì ń tò wọ́n sórí òòfà bí wọ́n ṣe ń jáde, kí èyí tó kọ́kọ́ jáde lè wọlé kẹ́yìn. Ó gbé bátìrì kúrò, ó wá fi bọ́ọ̀dù hàn mí, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ewé tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ibí yìí lowó yín wà."

Òótọ́ ló sọ. Bàbà wà nínú pátákó yẹn, fàdákà wà níbẹ̀, wúrà náà wà níbẹ̀. EPA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ṣírò rẹ̀ pé nínú mílíọ̀nù kan fóònù, a lè rí bàbà tó tó 16,000 kílò, fàdákà 350 kílò àti wúrà 34 kílò. Kóbáálìtì tó wà nínú bátìrì ńkọ́? Kóńgò ni wọ́n ti ń wa èyí tó pọ̀ jù lọ láyé. Kí fóònù kan tó dé ọwọ́ wa, wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ nítorí rẹ̀, wọ́n ti lọ òkúta, wọ́n ti fi iná yọ́ irin, wọ́n sì ti gbé e láti ìlú dé ìlú. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, nínú gbogbo èéfín tí fóònù kan ń fà láti ìbí rẹ̀ títí dé ikú rẹ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ni ó ti rú jáde kí a tó tan án rárá. Iná tí a fi ń ṣájì í kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó lo fóònù kan fún ọdún mẹ́fà dípò mẹ́ta ti ṣe ilé ayé lóore tó pọ̀. Láyé àwọn bàbá wa, igbá tó bá fọ́, okùn ni wọ́n fi ń rán an, wọn kì í sáré sọ ọ́ sí ààtàn. Ọgbọ́n yẹn náà ló wà lọ́wọ́ ẹnjiníà abẹ́ agboòrùn. Kò sí ẹni tí í pè é ní olùtọ́jú àyíká, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an nìyẹn.

Láti òkè òkun dé Èkó

Orúkọ dáadáa la sọ ẹrù àlòkù tó ń ti òkè òkun wá. Tòkunbọ̀ là ń pè é, bí ẹni ń sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn mìíràn ń pè é ní Bẹ́líjọ́ọ̀mù. Mi ò ní bú tòkunbọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì bá tí fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láyé wọn bí kì í bá ṣe tòkunbọ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí fóònù alágbèéká GSM ti dé Nàìjíríà, òun ló jẹ́ kí mẹ̀kúnnù rí ohun tí owó rẹ̀ ká rà. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n pa tì ní ọ́fíìsì kan ní Lọ́ńdọ̀nù tún lè ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún sí i n'Íbàdàn. Èrè ni fún wa, èrè ni fún ilé ayé.

Àmọ́ ìṣòro wà nínú ẹrù náà. Ibùdó kan wà ní Yunifásítì Ìbàdàn tó ń ṣiṣẹ́ fún Áfíríkà lábẹ́ Àdéhùn Basel, ìyẹn àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 1989 láti fòté lé kíkó ìdọ̀tí olóró láti ìlú kan dé òmíràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladele Osibanjo, onímọ̀ kẹ́mísìrì, ló darí ibùdó náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 2015 sí 2016, ibùdó yìí àti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé èèyàn lọ sí èbúté Èkó láti máa wo ohun tó ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún kan nígbà yẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti Yúróòpù wá, inú àwọn mọ́tò tòkunbọ̀ ni wọ́n sì ti kó èyí tó pọ̀ jù sí: tẹlifíṣọ̀n lórí àga ẹ̀yìn, fíríìjì nínú bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà nínú búùtù. Nígbà tí wọ́n dán ẹ̀rọ wọ̀nyí wò, nǹkan bí ọ̀kan nínú márùn-ún ni kò ṣiṣẹ́. Òkú ni, kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni á fi sanwó ọkọ̀ fún òkú? Ìdí ni pé, ní ìlú òyìnbó, owó ni wọ́n fi ń sin ẹ̀rọ tó bá ti kú lọ́nà tí òfin là kalẹ̀. Ẹni tó bá rọra ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bọ inú mọ́tò tó ń lọ sí Èkó ti bọ́ nínú ìnáwó yẹn, á sì tún rí nǹkan pa lórí rẹ̀. Owó ìsìnkú ló sá fún, àwa ló gbé e lé lórí.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Lọ́dún 2019, ẹ̀rọ tó di ìdọ̀tí ní Nàìjíríà tó 461,000 tọ́ọ̀nù gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àwọn onímọ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 60,000 tó ń ti èbúté wọlé. Èyí tó pọ̀ jù nínú òkú náà, ọwọ́ wa ló kú sí. Àwa la rà á, àwa la lò ó, inú ilé wa ló ti jáde. Kì í sì í ṣe wa nìkan: ní 2022, gbogbo ayé pa ẹ̀rọ tó tó 62 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù tì, èyí tí wọ́n lè fi ìwé hàn pé wọ́n kó jọ tí wọ́n sì sọ di ohun èlò tuntun lọ́nà tó yẹ nínú rẹ̀ kò pé ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ọ̀nà tí òkú ń gbà

Bí ẹnjiníà bá wo fóònù títí, tó rí i pé ẹ̀pa kò bóró mọ́, kò ní jù ú nù. Ojú rẹ̀ á wúlò fún ẹlòmíràn, kámẹ́rà rẹ̀ náà á wúlò. Ó lè yọ ẹ̀yà kékeré kan lórí bọ́ọ̀dù, kó fi tún ẹ̀rọ mìíràn ṣe. Lẹ́yìn tó bá ti yọ gbogbo ohun tó ní láárí, egungun tó ṣẹ́ kù ló ń di kòńdẹ́mù.

Ẹ ti gbọ́ igbe wọn ládùúgbò, àwọn tó ń ti ọmọlanke tí wọ́n ń lu irin: kòńdẹ́mù fíríìjì, kòńdẹ́mù tẹlifíṣọ̀n, bátìrì kòńdẹ́mù! Wọ́n á rà á lówó pọ́ọ́kú, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ní kílò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú u palẹ̀, irin lọ́tọ̀, alumíníọ̀mù lọ́tọ̀, ike lọ́tọ̀, bọ́ọ̀dù lọ́tọ̀, wáyà lọ́tọ̀. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni, ó sì ń bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé. Bí kì í bá ṣe tiwọn, gọ́tà wa ì bá ti kún fún tẹlifíṣọ̀n. Inú wáyà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Bàbà ló wà nínú wáyà, rọ́bà ló bò ó. Ẹni tó ń ra bàbà kò fẹ́ rọ́bà. Ọ̀nà tó yá jù láti bọ́ aṣọ yẹn kúrò lára bàbà ni iná. Mo ti dúró lókèèrè wo irú iná bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ọjà Aláàbà l'Ékòó. Ọmọkùnrin méjì kó wáyà jọ bí ìtẹ́ ẹyẹ, wọ́n fi fóòmù inú fíríìjì dá iná sí i. Èéfín dúdú kìjikìji ló yọ, ó ń ta èèyàn nímú, ó ń ta á lọ́fun. Ẹ̀gbẹ́ iná náà ní àwọ̀ ewé, nítorí bàbà tó wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, wọ́n wọ́n omi sí i, wọ́n gbọn eérú dànù, wọ́n gbé bàbà pípọ́n jáde. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Kò síbọ̀wọ́, kò sí ìbomú. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì kò jìnnà sí wọn.

Èéfín yẹn kì í ṣe èéfín igi ìdáná. Bí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ bá jó, oró kan tí wọ́n ń pè ní dàyọ́sìnì ń jáde lára rẹ̀, tó lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Òjé tó wà nínú irin yíyọ́ tí wọ́n fi lẹ nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù àti nínú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí gbàǹgbà, èyí tó lè ju kílò kan lọ nínú tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo, á dà pọ̀ mọ́ eérú. Òjò á gbé e wọ kànga, ẹsẹ̀ á gbé e wọlé, ọmọ tó ń rá kòrò á fi ọwọ́ kàn án, á fi ọwọ́ sẹ́nu. Òjé kì í pa ọmọdé lọ́jọ́ kan. Inú ọpọlọ ló ń wọ̀ lọ. Ọmọ á máa dàgbà, orí rẹ̀ kò ní jí pépé, àwọn òbí á sì rò pé olódo ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí kò léwu nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ibi tó jìnnà ni. Ní Ògijo, nípìnlẹ̀ Ògùn, níbi tí àwọn iléeṣẹ́ ti ń yọ́ bátìrì mọ́tò àlòkù láti fa òjé inú rẹ̀ jáde, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe fún àwọn ará àdúgbò ní 2025 fi hàn pé òjé ti wọ ara ọ̀pọ̀ nínú wọn. Yorùbá ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Níbí, eérú kò tọ ẹni tó dà á. Ẹni tó lo fóònù tàbí bátìrì wà nínú ilé rẹ̀ ní Lẹ́kí. Ọmọ tí kò ní ọ̀kankan rí ni eérú ń tọ̀.

Iná tí a kò rí

Ìdọ̀tí nìkan kọ́ ni ẹrù tó wà lọ́rùn ayélujára. Àwòrán tí a sọ pé a fi pamọ́ sínú "kùrukùru" (cloud), inú ilé ńlá ló wà, níbi tí kọ̀ǹpútà ti tò bí ìwé lórí pẹpẹ, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí wọn tọ̀sán-tòru. Àjọ IEA tó ń ṣírò ọ̀rọ̀ iná lágbàáyé sọ pé lọ́dún 2024, irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ lo nǹkan bí ìdá kan àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo iná mànàmáná ayé, ó sì ṣeé ṣe kí iná tí wọ́n ń lò ju ìlọ́po méjì lọ nígbà tí a bá fi máa dé 2030. Ní tiwa, iná tí wọ́n ń pèsè láti orí wáyà orílẹ̀-èdè fún èèyàn tó lé ní 200 mílíọ̀nù kì í sábà ju 5,000 mẹ́gáwáàtì lọ, nítorí náà jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ òpó fóònù wa gbára lé. Nígbà tí ẹ bá ń fi owó ránṣẹ́ láàárín òru, ẹ̀rọ kan ń mu dísẹ́ẹ̀lì níbìkan kí iṣẹ́ yẹn lè lọ. Àwọn kan ti ń fi sólà rọ́pò rẹ̀, ó sì dára, ṣùgbọ́n sólà náà ní bátìrì, bátìrì náà á sì kú lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ tún padà sórí ìsìnkú.

Ìsìnkú tó yẹ

Nàìjíríà mọ adùn àti ìkorò ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ní 1988, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá jù sí Kókó, tó wà ní ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà lónìí. Ọdún yẹn gan-an ni ìjọba gbé òfin jáde pé ọ̀daràn ni ẹni tó bá tún dán irú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá NESREA sílẹ̀ ní 2007 láti máa ṣọ́ àyíká. Nígbà tó di 2011, ìlànà tó kan ẹ̀rọ oníná jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní 2022.

Kókó ìlànà náà kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá láti lóye. Ẹ wo bí ẹgbẹ́ wa ṣe ń ṣe: kálukú á máa dá owó díẹ̀díẹ̀ nígbà tó wà láàyè, kó má bàa jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, àwọn ará ilé á máa sá kiri wá owó ìsìnkú. Ohun tí òfin yìí ń sọ nìyẹn. Ẹni tó ṣe fóònù, tàbí tó kó o wọ̀lú, ni kó dá owó ìsìnkú rẹ̀ sílẹ̀ láti ìgbà tó ti ń tà á. Wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2018, EPRON lorúkọ rẹ̀, láti máa gba owó náà kí ó sì máa fi sanwó fún àwọn tó ń kó ẹ̀rọ jọ àti àwọn tó ń sọ ọ́ di ohun èlò tuntun.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń tú ẹ̀rọ bó ṣe yẹ? Bátìrì ni wọ́n kọ́kọ́ ń yọ, nítorí bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí nǹkan bá gún máa ń gbiná. Wọ́n á fi téèpù lẹ ẹnu rẹ̀, wọ́n á kó o sínú ohun tí iyanrìn wà nínú rẹ̀. Wáyà kò ní jóná. Abẹ ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń là á, kí rọ́bà bọ́ sápá kan, bàbà sápá kejì. Gíláàsì olójèé ń lọ sípò rẹ̀ lọ́tọ̀. Bọ́ọ̀dù ni kò sí ààrò láti yọ́ dáadáa nítòsí wa. Àwọn iléeṣẹ́ tó ní irú ààrò bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láyé. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni ti Umicore ní Hoboken, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́líjọ́ọ̀mù. Wúrà tó wà nínú ẹrù tí à ń pè ní Bẹ́líjọ́ọ̀mù lè ní láti padà sí Bẹ́líjọ́ọ̀mù kó tó lè jáde lọ́nà tó yẹ.

Bí ọ̀nà tó dára bá wà, kí ló dé tí iná ṣì ń jó lẹ́yìn ọjà? Owó ni. Ẹni tó ń sun wáyà máa ń rí owó rẹ̀ gbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹ lé e pẹ̀lú ọlọ́pàá kò lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Á kàn lọ dáná rẹ̀ síbi tó pamọ́ sí i. Ohun tó lè pa iná yẹn ni kí ẹni kan wà tí yóò ra wáyà lọ́wọ́ rẹ̀ láìsun, ní iye tó fi díẹ̀ ju ti èyí tó sun lọ, kó sì san án lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tó yẹ kí owó ìsìnkú ṣe gan-an nìyẹn. Bí owó náà kò bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ti ọmọlanke, orí ìwé lásán ni òfin wà.

Ohun tó wà ní ìkáwọ́ wa

Àwa náà ní tiwa láti ṣe. Ẹ tún fóònù ṣe kí ẹ tó ra òmíràn. Bátìrì tuntun lè fún un ní ọdún méjì sí i. Tí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án lójú yín. Ẹ má da bátìrì mọ́ ìdọ̀tí ilé, nítorí bátìrì kékeré kan lè dáná sí ọkọ̀ akólẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí fóònù tó kú pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀: bó bá ṣe ń pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ohun inú rẹ̀ kò ní bá ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni mu mọ́. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí ẹ yọ síìmù. Bí ẹ bá ní ọ́fíìsì tó fẹ́ kó kọ̀ǹpútà ogún jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ wá ẹni tí ìjọba fún níwèé àṣẹ láti gbà á.

Lọ́jọ́ tí mo padà lọ gba fóònù mi n'Ìkẹjà, mo kó mẹ́ta tó ti kú nínú dúrọ́ọ̀ mi dání. Ẹnjiníà yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní ọ̀kan ti pẹ́ jù. Ó yọ bátìrì ìkejì tó ti wú, ó rì í sínú agolo mílíìkì kan tó bu iyanrìn sí. Ó di orí ìkẹta, ó tú ojú rẹ̀ jáde, ó nu ún, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá yíjú sí ìyá kan tó ti jókòó láti àárọ̀ pẹ̀lú fóònù tó fọ́ yángá. Ó ní, "Màmá, ẹ sún mọ́bí. Ojú ti wà." Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ìyá náà ti ń pe ọmọ rẹ̀.